Kẹ́ẹ̀gì, Okùn àti Ọṣẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ibi Ìfọwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú sí Àgbàlá Yín

Ní ọ̀pọ̀ ibi ìnáwó tí mo ti jókòó ní Abẹ́òkúta, láti Aké títí dé Ìbarà, abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé káàkiri kí oúnjẹ tó dé. Ẹni àkọ́kọ́ á ti ọwọ́ bọ omi tí ó mọ́ lóló. Nígbà tí abọ́ náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹjọ, omi inú rẹ̀ ti dà bí omi tí a fi fọṣọ, síbẹ̀ ẹni kẹjọ náà á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbọn ọwọ́ nù, á sì nawọ́ sí láfún. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ọ̀tún àti òsì ènìyàn mẹ́jọ ti pàdé nínú rẹ̀ kì í ṣe omi ìwẹwọ́ mọ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni ìkẹyìn ń kó lọ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi ìfọwọ́ sí ilé, sí ṣọ́ọ̀bù, sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí sí ìdí ìsọ̀ oúnjẹ rẹ̀, tí kò sì ní owó tí yóò fi ra béésìnì àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ti bá àwọn aládùúgbò ṣe irú rẹ̀ sí àgbàlá mélòó kan ní ìlú yìí, mo sì ti rí èyí tí ó pẹ́ àti èyí tí kò lo oṣù kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í sábà jẹ́ ti owó. Èyí tí ó pẹ́ ni èyí tí a gbé sí ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, tí ọṣẹ kì í tán nídìí rẹ̀, tí ẹnì kan pàtó sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti pọn omi sí i.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀, ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wá sí Ewékorò, tí kò jìnnà sí wa rárá. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ṣòro láti rí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn tàbí báńkì tí bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù kò sí. Èyí tí wọ́n gbé sí ilé ìjọsìn tí mò ń lọ dára púpọ̀, irin ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ omi pípọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún yípo, aláǹtakùn ti ta sí ẹnu táàpù rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn àrùn tí ń ti ọwọ́ wọ ẹnu kò bá kòrónà lọ.

Ohun tí ọṣẹ ń ṣe

Ìgbẹ́ gbuuru, onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti oríṣi aràn kan, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà: ìgbẹ́ ẹni tí ó ní àrùn dé ọwọ́, ọwọ́ dé oúnjẹ tàbí omi, oúnjẹ dé ẹnu ẹlòmíràn. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìdí ọmọ, tí ó sì padà sídìí ògì tí ó ń pò, lè gbé àrùn náà kọjá láìmọ̀, nítorí pé ojú kò lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ èékánná. Omi nìkan kì í ṣí i kúrò dáadáa, torí pé òróró ara wa ti lẹ ìdọ̀tí mọ́ awọ ọwọ́, omi àti òróró kì í sì í wọ ara wọn. Ọṣẹ ní apá méjì: apá kan ń fa omi mọ́ra, apá kejì ń fa òróró mọ́ra. Bí a bá fi í pa ọwọ́, apá kejì yìí á gbá ìdọ̀tí mú, apá àkọ́kọ́ á bá omi lọ, wọn á sì jọ ṣàn dànù. Àwọn kòkòrò àrùn kan, bíi ti kòrónà, ti Ẹ̀bólà àti ti ibà Lásà, ní èèpo ọ̀rá lára. Ọṣẹ a máa ya èèpo náà, agbára kòkòrò náà a sì tán.

Kò sì di dandan kí ó jẹ́ ọṣẹ olówó ńlá. Ní Karachi, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, àwọn olùṣèwádìí pín ọṣẹ fún àwọn ìdílé ní àdúgbò àwọn aláìní, wọ́n sì ń lọ bá wọn nílé láti kọ́ wọn ní ọwọ́ fífọ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15 fi ìdá 53 nínú 100 kéré sí ti ìdílé tí kò gba ọṣẹ, òtútù àyà láàárín àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 sì fi ìdá 50 nínú 100 kéré. Wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ọṣẹ lásán, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ọṣẹ tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí, ọṣẹ olóògùn kò sì ṣe ju ọṣẹ lásán lọ. Nítorí náà, ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń gé tà ní Láfẹ́nwá tó, ọṣẹ dúdú náà sì tó. Omi ìfọwọ́ pẹ̀lú kò ní láti jẹ́ omi mímu: omi kànga tàbí omi òjò tí kò dọ̀tí lójú, bí ọṣẹ bá ti wà níbẹ̀, yóò ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ó gbé e sí

Kí ẹ tó gé igi kankan, ẹ rìn yí ilé ká. Ibi méjì ni ọwọ́ ti nílò omi jù: ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Bí ẹ bá ní agbára láti ṣe méjì, ẹ ṣe méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ojú ọ̀nà tí ẹni tí ó jáde yóò gbà padà sí ilé. Bí ó bá ní láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó rí i, ọ̀pọ̀ kò ní í yà, pàápàá lóru.

Ohun tí ojú rí ní agbára lórí ọwọ́ ju bí a ti rò lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, wọ́n kọ́ ibi ìfọwọ́, wọ́n la ọ̀nà láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ya ojú ẹsẹ̀ sí ọ̀nà náà, wọ́n sì ya àtẹ́lẹwọ́ sí ibi ìfọwọ́ náà. Kí wọ́n tó ṣe gbogbo èyí, ọmọ 4 nínú 100 ni ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti di 74 nínú 100. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2016. Ọ̀dà díẹ̀ tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ike kan lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní ìlú wa, ó sì wù mí kí àwọn olùkọ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀. Omi ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ ṣàn padà sí kànga, kò sì gbọdọ̀ dúró di ìkùdu tí ẹ̀fọn yóò yé sí. Bí igi kan bá wà tí ó ní ìbòòji, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ lọ, torí pé oòrùn a máa jẹ́ kí ike gbó kíákíá.

Kẹ́ẹ̀gì atẹ̀ẹ́sẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń dà á, ọwọ́ kì í kan ohunkóhun àfi ọṣẹ. Ilẹ̀ Zimbabwe ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, Dókítà Jim Watt ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Kèrègbè ni wọ́n kọ́kọ́ lò níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́mu wa mọ̀ dáadáa, kí kẹ́ẹ̀gì ike tó gba ipò rẹ̀.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan tí ó ní ìdérí àti ọwọ́ ìdìmú, irú èyí tí wọ́n fi ń ta òróró. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba oògùn apakòkòrò oko rí kò gbọdọ̀ dé ibi yìí, ìbáà jẹ́ pé ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà ogún. Lẹ́yìn náà, ẹ wá igi méjì tí orí wọn ya sí méjì, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 2. Igi kan tí ó gún tó mítà 1, tí ó sì tín-ín-rín tó láti gba inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kọjá. Igi mìíràn tí gígùn rẹ̀ tó mítà 1, tí a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Okùn ọ̀rá bíi mítà 3. Ìṣó kan, àbẹ́là, ọṣẹ, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí yóò kún garawa kan. Nínú gbogbo èyí, okùn àti ọṣẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé yóò ní láti fi owó rà.

Ní ti igi, ikán ni ọ̀tá. Igi dóńgóyárò a máa pẹ́ díẹ̀ kí ikán tó lè jẹ ẹ́, ọparun tí ó gbó dáadáa náà sì ṣeé lò bí ẹ bá lu ihò sí orí rẹ̀ tí igi ìdábùú yóò gbà kọjá. Àwọn kan a máa fi epo ẹ́ńjìnì tí ó ti dúdú pa ìdí igi kí wọ́n tó rì í. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà kí ẹ ṣe é níbi tí kànga bá wà nítòsí.

Ẹ gbẹ́ ihò méjì tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 50, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ ri àwọn igi oríméjì náà, ẹ da òkúta àti erùpẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi orí ọ̀pá gún un títí yóò fi le. Ní àwọn àdúgbò tí ó yí Olúmọ ká, ọkọ́ kì í wọlẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ tí yóò fi kan òkúta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti jáwọ́ níbẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n jáwọ́. Ẹ wá ike ọ̀dà ńlá méjì tí ó ti ṣófo, ẹ gbé igi kọ̀ọ̀kan dúró sínú ọ̀kan, ẹ po símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n 4, ẹ dà á kún un, ẹ fi igi ti igi kí ó má ba à yẹ̀, ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé ohunkóhun kọ́ ọ. Irú èyí tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí ti inú ilẹ̀ kò ní: bí ẹ bá kó kúrò ní ilé náà, ẹ lè gbé e lọ.

Ó kan kẹ́ẹ̀gì. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ fi ẹ̀mú di ìṣó mú, ẹ yán an lórí iná títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì fi lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì ní apá tí ó kọjú sí ẹni tí yóò fọ ọwọ́, ìyẹn òdìkejì ọwọ́ ìdìmú, ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, tí ó fi díẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìṣó kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ihò tí ó kéré ṣeé fẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti tóbi jù yóò máa da omi nù, kẹ́ẹ̀gì yóò sì gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ìṣó kan náà lu àárín ìdérí. Ẹ ki orí okùn bọ inú ihò ìdérí láti òkè, ẹ so igi kékeré kan mọ́ ọn ní abẹ́ ìdérí kí okùn má ba à yọ, kí ẹ wá dé ìdérí náà pa.

Ẹ ki igi ìdábùú gba inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kọjá, ẹ gbé e lé orí àwọn igi oríméjì, ẹ sì fi okùn dè é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí kẹ́ẹ̀gì má ba à máa rìn. Ìyókù okùn tí ó ti ìdérí sọ̀kalẹ̀ ni ẹ ó so mọ́ orí igi ìtẹ̀sẹ̀, kí orí náà ga sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, kí ìdí igi náà sì fara lé ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbé igi náà ga jù, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò ní í lè tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, kẹ́ẹ̀gì kò ní í yí tó. Ẹ bu omi kún kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ihò ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tẹ igi náà. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì yóò tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi yóò máa ṣàn tín-ín-rín láti inú ihò. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìwúwo omi yóò fà á padà sí ipò rẹ̀, omi yóò sì dá.

Ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń dà sí, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré tí ìbú àti gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Omi yóò máa rì sínú rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ kò sì ní í sí. Ní orí àpáta tí omi kì í rì, ẹ gbé ike ńlá sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa da omi rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kókò lójoojúmọ́.

Gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kà á sí lọ. Bí igi ìdábùú bá ga tó mítà 1.2, ó bá àgbàlagbà mu, nítorí náà kí ẹ tó ri àwọn igi oríméjì, ẹ gé ohun tí ó bá lé kúrò ní ìdí wọn. Níbi tí ọmọ kékeré pọ̀ sí, ẹ pe èyí tí ó kéré jù nínú wọn, kí ó dúró, kí ó ká apá rẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ gba oúnjẹ. Ihò omi kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá ń sọ pé ọmọ tí ó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun, a gbọ́dọ̀ gbé omi sí ibi tí ọwọ́ ọmọ náà yóò tó.

Ọṣẹ tí kì í sọnù

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ọṣẹ tuntun já ní àárín, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, ẹ sì so igi kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó má ba à yọ́ bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti ń joro, ẹ kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ tí ó mọ́ tàbí àwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, kí ẹ sì so ó pa dà. Òjò a máa yọ́ ọṣẹ dànù ní òru kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ gé ìdajì ìgò ike lítà 1.5, ẹ lu ìdí rẹ̀, kí ẹ ki okùn gba ibẹ̀, kí ó dé ọṣẹ náà bí fìlà. Eku náà ń jẹ ọṣẹ. Ní ilé tí eku pọ̀ sí, ẹni tí ó bá kẹ́yìn wọlé ni kó máa mú un wọlé lálẹ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, níbi tí ọṣẹ ti ń bá ènìyàn lọ, omi ọṣẹ ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò. Ẹ da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ó tó gíráàmù 30 sínú omi lítà 1.5 nínú ìgò ike, ẹ mì í, kí ẹ sì lu ihò kékeré sí ìdérí rẹ̀. Bí a bá tẹ ìgò náà, ìwọ̀nba tí ó tó fún ọwọ́ kan ni yóò jáde. Kì í wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò jí i nítorí pé ó fẹ́ lọ fi wẹ̀.

Bí ọṣẹ bá tán pátápátá, eérú igi tí ó mọ́, tí ó sì ti tutù, sàn ju omi lásán lọ, ìyá àgbà wa sì lò ó kí ọṣẹ ọjà tó pọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eérú ibi tí wọ́n ti dáná sun ọ̀rá àti ike, ẹ má sì sọ ọ́ di ìrọ́pò ọṣẹ fún gbogbo ìgbà.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù

Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ igi, àti ilé tí kò ní àgbàlá yóò rí i pé èyí rọrùn ju kẹ́ẹ̀gì lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 tí ó ní ìdérí tó. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò pùlọ́ńbà, ẹ ra táàpù onídajì ìǹṣì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀, èyí tí a ń yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe èyí tí a ń lọ́ yípo, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ ṣeé fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí. Ẹ yán orí páìpù irin onídajì ìǹṣì lórí iná, kí ẹ fi lu bọ́kẹ́ẹ̀tì ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí òkè ìdí rẹ̀. Iyanrìn inú omi kànga yóò lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀ láìdí ẹnu táàpù. Ẹ gé wọ́ṣà méjì láti ara tíúbù táyà àtijọ́, kí ọ̀kan wà nínú, kí ọ̀kan wà lóde, ẹ wé tẹ́ẹ́pù funfun mọ́ ojú ìlọ́ táàpù náà, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le láti inú. Ẹ bu omi sí i, ẹ jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbà pé kò jò.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé nípa táàpù: ọwọ́ tí ó dọ̀tí ni a fi ṣí i. Bí a bá fọ ọwọ́ tán, tí a sì fi ọwọ́ mímọ́ dì í mú láti tì í, ìdọ̀tí ti padà wá. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, tàbí kí ẹ fi omi ọṣẹ pa táàpù náà pọ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀.

Fún àwọn ìyá olóúnjẹ tí ń gbé ìsọ̀ kiri, ìgò ike lítà 1.5 kan tó: ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ dé e pa. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá le, afẹ́fẹ́ kò lè wọlé láti òkè, omi kò sì ní í jáde. Bí ẹ bá tú ìdérí díẹ̀, omi á máa ṣàn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú: aró tí ó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ha ara yín lára nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sódà tí ń jó ènìyàn lára bá ta sí yín lọ́wọ́, omi tín-ín-rín inú kẹ́ẹ̀gì kò tó. Omi púpọ̀ tí ń ṣàn ni ẹ ó fi ṣan án fún ìṣẹ́jú púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí dúróọ̀mù omi àti korobá wà nídìí ìkòkò aró nígbà gbogbo, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Ẹ tẹ igi, ẹ jẹ́ kí omi kan ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọṣẹ pa á. Láti ibí yìí, omi kò gbọdọ̀ dà mọ́ títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ ra ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò tí ọ̀pọ̀ máa ń fò dá, àti orí ìka gbogbo nínú àtẹ́lẹwọ́ kejì kí ọṣẹ lè dé abẹ́ èékánná. Ẹ bọ́ òrùka. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ igi, kí ẹ ṣan ọṣẹ kúrò. Ẹ gbọn ọwọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Etí ìró tí ó ti kan ilẹ̀ láti àárọ̀ àti aṣọ ìnuwọ́ tí gbogbo ilé ń lò yóò ba iṣẹ́ tí ẹ ṣe jẹ́.

Lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ tí a fẹ́ sè, kí a tó jẹun tàbí kí a tó fún ọmọ lóúnjẹ, àti lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ẹran tútù tàbí tí a fun ikun: àwọn ìgbà yìí ni kò ṣeé fò.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kan dán an wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹ ka iye ènìyàn tí yóò fọ ọwọ́ kí omi tó tán. Iye yẹn ni ẹ ó fi mọ iye ìgbà tí ẹ ní láti pọn omi sí i lójúmọ́. Ní ilé oníyàrá púpọ̀, ẹ kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, kí ẹni tí ó ni ọ̀sẹ̀ náà sì bójú tó omi àti ọṣẹ pọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pín in sí méjì, tí ẹnì kan ń pọn omi, tí ẹlòmíràn ń ra ọṣẹ. Nígbà tí ọ̀kan bá jáfara, èkejì náà á dúró. Ní ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì ni kí ẹ pín in fún, kí ó má jẹ́ iṣẹ́ ìjìyà fún ọmọ tí ó ṣẹ̀.

Ní ìgbà òjò, ẹ gbé dúróọ̀mù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, kí ẹ sì dé e kí ẹ̀fọn má yé sínú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga bá fà, tí omi táńkà sì wọ́n, ẹ má ṣe padà sí abọ́ ìṣanwọ́. Omi tí kẹ́ẹ̀gì ń dà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ó wúlò jù.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi inú kẹ́ẹ̀gì nù, ẹ bu iyanrìn díẹ̀ àti ọṣẹ sí i, ẹ mì í dáadáa kí ohun àwọ̀ ewéko tí ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè ṣí, kí ẹ sì ṣan án. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ihò omi kí ó má dí. Okùn ìtẹ̀sẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ já, níbi tí ó ti ń ra ìdérí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ lè lo ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, tí a ti ń fi ṣe ọjọ́ ọwọ́ fífọ̀ lágbàáyé láti ọdún 2008, láti pààrọ̀ gbogbo okùn àti láti tún ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n yà sílẹ̀ kùn. Kẹ́ẹ̀gì náà yóò sán lọ́jọ́ kan, torí pé ike ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣe ti àkọ́kọ́, tí ìṣó ṣì gbóná, ẹ lu kẹ́ẹ̀gì kejì pẹ̀lú, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.